Ibùsùn Kì Í Ṣe Ìlú

"Ilé ni àbọ̀ sinmi oko." Àwọn baba ńlá Yorùbá tí wọ́n pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Inú ìlú ni àgbẹ̀ ń gbé, ẹ̀yìn odi ni oko rẹ̀ wà. Bí oko náà bá jẹ́ oko etílé, yóò jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ oko ọ̀nà jíjìn, kò jẹ́ dán an wò láti máa lọ kí ó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́. Abà ni yóò pa síbẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn títí iṣẹ́ yóò fi dẹwọ́, kí ó tó padà wálé wá ṣe ọdún, kí ó sì bá ẹbí jókòó.

Láyé òde òní, ní ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ní ìlà-oòrùn Èkó, láti Lẹ́kí títí dé Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà bìrí. Ẹ̀yìn odi ni òṣìṣẹ́ ń gbé, inú ìlú ni oko rẹ̀ wà. Oko náà sì jìn, nítorí ọ̀nà tí ó ti Ajah dé Erékùṣù Èkó tó bí 20 kìlómítà. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ibi tí baba ńlá rẹ̀ ì bá ti pa abà ni ó kọ́ ilé alájà sí. Ìbéèrè kan wá dìde: ǹjẹ́ ibi tí ènìyàn kàn ń sùn tó ohun tí à ń pè ní ìlú?

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe di ohun tí ó dà. Abúlé apẹja àti oko àgbọn ni ó pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, ni a mọ̀ mọ́ ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti ilé àwọn mẹ̀kúnnù tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màrókò, ìlú àwọn tálákà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sọ di aláìnílé tó nǹkan bí 300,000. Díẹ̀ nínú wọn rí ibi forí pamọ́ sí ní Ìlàsàn àti Ìkòtà. Àwọn yòókù fọ́nká. Lẹ́yìn náà ni ilé ọlọ́lá dìde ní agbègbè náà, tí ìdákẹ́jẹ́ sì dé. Kí ẹni tí ó ń jẹ̀gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yìí má gbàgbé pé òun nìkan kọ́ ni ó san owó rẹ̀.

Kò sí àní-àní pé gbígbé níbẹ̀ ní adùn tirẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, òpópó gún régé, ọmọdé sì lè gun kẹ̀kẹ́ kiri láìbẹ̀rù danfó. Ní Lẹ́kí kan náà ni igbó tí a dá sí láti 1990 wà, tí ó fẹ̀ tó 78 hẹ́kítà, níbi tí ọ̀bọ àti ẹyẹ ti ń gbé nínú irà bí ó ti rí látijọ́. Ẹni tí ó bá ti bá ọmọ mẹ́rin sùn ní yàrá kan ní Múṣin, tí ariwo gbohùngbohùn kò jẹ́ kí ó fojú kan oorun, kò sí ọlọgbọ́n tí yóò bá a wí bí ó bá wá ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí iná ti tàn nínú ilé gbogbo. Ní agogo márùn-ún, ẹnubodè ti ṣí, ọkọ̀ ń tọ ara wọn lẹ́yìn bí ìjàlọ, ní ìdíkọ̀ Ajah, àwọn agbèrò ti ń ké "CMS! Ọbalẹ́ńdé!" fún àwọn tí kò ní ọkọ̀ tiwọn. Ọmọ ilé ìwé ń sùn lórí ìjókòó, oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀ wà nínú ike lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di agogo mẹ́jọ, àdúgbò ti parọ́rọ́. Màígádì, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyá àgbà tí ó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ni ó ṣẹ́ kù. Ìrọ̀lẹ́ kò sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ẹni tí ó kúrò níbi iṣẹ́ ní agogo márùn-ún lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí di agogo mẹ́jọ, bí òjò bá sì rọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ti sùn kí bàbá tó wọlé. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá sì dé, ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe yóò tún pe gbogbo ilé jáde lọ sí Súrùlérè tàbí Ìkẹjà.

Ìdákẹ́jẹ́ báyìí kì í ṣe àlàáfíà. Ilé dákẹ́ nítorí pé onílé kò sí nílé. Ẹni méjì lè jọ pín ògiri kan fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n má mọ̀ ju àwọ̀ ọkọ̀ ara wọn lọ. Bí àìsàn bá dé lóru, ilẹ̀kùn ta ni aláìsàn yóò kàn? Bí ọmọ bá ṣìwà hù ní òpópó, ta ni yóò pè é lórúkọ kí ó sì bá a wí? Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Níbi tí igba ojú náà ti wà lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ta ni yóò wo ọmọ?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà ni kò tó. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò pé. A ṣí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí ní 2013, a ṣí afárá Ajah ní 2017. Bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ń là, bẹ́ẹ̀ ni ilé tuntun ń hù lẹ́bàá rẹ̀ bí olú, tí ọkọ̀ tuntun sì ń kún un. Ní 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, ẹni tí ó ń fi í sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ní láti fara dà á bí àwọn yòókù. Ní London, ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń gbé èrò láti 1863, ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ̀yìn ìlú ibẹ̀ sì tọ ojú irin lẹ́yìn ni. Ní Lẹ́kí, ilé ni ó ṣáájú, ó ku kí ọkọ̀ èrò wá a kiri. Ọkọ̀ ojú irin tí Èkó ṣí ní 2023 ń lọ láti Marina sí Mile 2. Kò yà sọ́dọ̀ àwọn ará Ajah.

Odi pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, iyanrìn ni a sì kó dí púpọ̀ nínú irà rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní oṣù Keje 2011, omi wọ ilé olówó àti ilé tálákà láìbéèrè èyí tí ó ní ẹnubodè. Ẹni tí ó kọ́lé dí ojú àgbàrá rò pé òun ń ṣe ti òun lábẹ́ odi òun ni. Yàrá ẹnìkejì ni omi náà ń wọ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe sọ fún ẹni tí kò mọ̀?

Ohun tí ó wá yani lẹ́nu jù ni pé ìlú ti wà níbẹ̀ kí odi tó dé. Ìkàtè ní ọba tirẹ̀, Elégùṣì. Ajah ní ọjà. Ìlàsàn, Láńgbàsà àti Badore ní olórí, ilé ìsìn àti apẹja tí wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí àlejò tí ó ra ilẹ̀ bá jókòó ti onílẹ̀ kí ó tó da ìpìlẹ̀, kì bá tí kọ́lé sí ojú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà abúlé wọ̀nyí kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọn kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni rí.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí iṣẹ́ sún mọ́ ilé. Èbúté òkun Lẹ́kí ti ṣí ní 2023, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, gbogbo ayé rí i pé a lè jókòó sílé ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Kò yẹ kí ọ̀gá iṣẹ́ gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Èkejì, kí ìjọba lo ọ̀sà tí Ọlọ́run fi síbẹ̀. Omi kò nílò ọ̀dà, ọkọ̀ ojú omi sì ti ń ná Badore pẹ̀lú òdìkejì ọ̀sà tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwọn olùgbé fúnra wọn: kí wọ́n máa pàdé, kì í ṣe nítorí owó màígádì nìkan, kí wọ́n jọ gbá gọ́tà, kí wọ́n ná ọjà ibẹ̀, kí wọ́n sì mọ orúkọ ọmọ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ni ó bẹ̀rẹ̀ bí abà. Kì í ṣe iye òrùlé ni ó sọ wọ́n di ìlú. Ọjọ́ tí àwọn ará abà bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú ọ̀ràn ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn yọ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sin òkú ni abà di ìlú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀ ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ lónìí ni yóò jogún Lẹ́kí àti Ajah. Ẹ̀tọ́ wọn ni pé kí àwọn òbí wọn fi ìlú sílẹ̀ fún wọn, kí ó má jẹ́ ibùsùn lásán.