Àwa Kọ́ La Máa Bá Wọn Parí Iṣẹ́ Wọn

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí èèyàn bá ra mọ́tò tuntun, tó rí i pé ọ̀dà ti bó lára ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní gbà á. Tó bá jẹ́ bíréèkì ló ń ha, ariwo ló máa pa. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ńṣe ni wọ́n máa ní ká fara mọ́ ọn. "Ẹ lọ yin ọta 500, ó máa dán fúnra ẹ̀." Àwa ò gbà o.

Ọmọ Yorùbá ni wá, Houston là ń gbé. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ wà, oníṣọ́ọ̀bù tó ń ti ilẹ̀kùn láago méjìlá òru náà wà. Kì í ṣe gbogbo wa la gbà pé ó yẹ kí ìbọn wà nínú ilé. A ṣì ń bá ara wa jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n ohùn wa ṣọ̀kan lórí èyí: ẹni tó bá sanwó ìbọn tuntun, ìbọn tí wọ́n ti ṣe parí ló yẹ kó gbé lọ sílé.

Ọ̀kan nínú wa ra tiẹ̀. Nígbà tó ṣí páálí, ojú ẹ̀rọ tó gé irin náà ṣì hàn gbangba lára ẹ̀, àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi kùn ún ti ṣí níbì kan, ó sì ti fẹ́ máa dógùn-ún. Ó ní kò burú, ẹwà kọ́ lòun rà. Àfi ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú ẹ̀, tó wá fa tírígà. Ó ní bí ìgbà téèyàn ń lọ ata lórí ọlọ tí yanrìn wà ni: ó rìn díẹ̀, ó há, ó tún rìn, ó sì já lójijì. Ó gbé e padà. Ẹni tó tà á fún un ní àwọn kì í gba ìbọn padà, kó lọ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ohun tó ń fà á ò ṣòroó mọ̀. Àwọn irin kéékèèké tó ń fara kanra nínú ìbọn, tí wọn ò bá pa etí wọn dán kí wọ́n tó tò wọ́n, wọ́n á máa ha ara wọn. Nígbà míì, ọ̀rá tí wọ́n fi pa á mọ́ tàbí èérún irin ló wà níbẹ̀. Tá a bá nù ún, tá a fi epo sí i, ó lè lọ. A ò ní purọ́: òmíì máa ń dán lóòótọ́ bá a ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó ọta 500 yẹn? Àti pé tí tírígà bá ń há, agbára lèèyàn máa fi fà á, ẹnu ìbọn á yẹ̀, ọta á sì lọ síbi tí a ò rán an. Ta ló máa wá jẹ́jọ́ ọta yẹn?

Wọ́n ní ojú họ̀ọ́họ̀ọ́ lára irin kì í pa èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tí kò wo ohun tó wà níta, kí ló máa mú un wo ohun tó wà nínú?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Òfin ọdún 1972 tó dá àjọ ààbò ọjà aráàlú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun fúnra ẹ̀ ló yọ ìbọn sílẹ̀. Àjọ náà lè ní kí wọ́n kó ibùsùn ìkókó tó lábùkù kúrò lọ́jà. Òfin 1988 ní kí ìbọn ìṣeré ọmọdé ní àwọ̀ ọsàn lẹ́nu. Ìbọn gidi ńkọ́? Àjọ yẹn ò lè fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ń gba owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn ìléwọ́ tuntun.

California gbìyànjú. Láti 2001, oríṣi ìbọn ìléwọ́ tuntun gbọ́dọ̀ yin ọta 600 láìkọṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, wọ́n á sì tún jù ú sílẹ̀ wò bóyá ó máa dún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni wọ́n ń dán wò nínú oríṣi kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kọ́.

"Ẹ fara mọ́ ọn" yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù dán ìbọn wò láti 1813. Ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti ń rọ ìbọn tí wọ́n ń kó wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àwọn baba ńlá wa, òmíì nínú wọn ò sì níláárí. Ọdẹ tó gba ṣakabùlà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ilé wa, ó mọ ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Tó bá kọṣẹ́, ó máa gbé e padà lọ bá a, Ògún á sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tí à ń bèèrè ò pọ̀. Kí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ká fa tírígà láìsí ọta kí a tó sanwó. Kí wọ́n gba èyí tó lábùkù padà. Kí ilé iṣẹ́ san owó ìfiránṣẹ́. Kí àwọn aṣòfin ní Washington tún òfin 1972 ṣe. Ẹ̀yin ará wa náà, ẹ má fọwọ́ ara yín rin irin inú ẹ̀ o: tírígà tó bá fúyẹ́ jù lè já nígbà tí ẹ ò rò ó. Tí kò bá sì padà síwájú lẹ́yìn tí ẹ fà á, ẹ gbé e kalẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré. A gbọ́. Kí àwọn tó ń ṣe é náà yé fi ṣeré.