Bátìrì Tí Ń Fọ́nnu

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè jó ilé. Oníṣòwò kan tí ń ta ohun èlò fóònù ló bi mí pé: "Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fa sìgá oníbátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní vape, ń wá ra bátìrì lọ́dọ̀ mi. Mo rí èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, mo sì rí èyí tí wọ́n kọ 2500 sí. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló tún wọ́n jù! Èwo ni kí n rà sí ìsọ̀?"

Kí n tó dáhùn, ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé mo ní kí ẹnikẹ́ni máa fa sìgá, ìbáà ṣe èyí tí a ń ṣáná sí, ìbáà ṣe oníbátìrì. Èròjà nicotine tí ń sọ ènìyàn di ẹrú sìgá wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá torí pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ dákẹ́, bátìrì kò ní bá mi dákẹ́. Irú rẹ̀ kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì àti àtùpà oníṣáájì tí a fi ń bá òkùnkùn jà nílé wa.

18650 ni wọ́n ń pe bátìrì náà, nítorí pé 18 mílímítà ni sísanra rẹ̀, 65 mílímítà sì ni gígùn rẹ̀. Ìdílé lithium-ion ló ti wá, èyí tí ilé iṣẹ́ Sony ní Japan kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní ọdún 1991.

Ẹ jẹ́ kí n fi akèrègbè ṣe àpèjúwe. mAh ni ó ń sọ bí omi inú akèrègbè ti pọ̀ tó. Ampere, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A kọ, ni ó ń sọ bí ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀ tó, èyíinì ni iye iná tí bátìrì lè máa tú jáde láìgbóná kọjá ààlà. Sìgá oníbátìrì sì ń mu iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wáyà kékeré inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná wàràwàrà kí omi tó wà níbẹ̀ tó di èéfín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bátìrì tó kún jẹ́ 4.2 volt. Bí wáyà náà bá jẹ́ 0.2 ohm, ẹ fi 0.2 pín 4.2, ó di 21A. Samsung ṣe bátìrì kan tó ń jẹ́ 35E: 3500 mAh ni, ṣùgbọ́n 8A péré ni ó lè máa tú láìdáwọ́dúró. Ó ṣe òmíràn tó ń jẹ́ 25R: 2500 mAh ni, ṣùgbọ́n ó lè tú 20A. Ẹni tó bá ń gba 21A lọ́wọ́ 35E ń wá wàhálà. Kódà 25R kò tó o. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá jẹ́ 0.5 ohm, 8.4A ni yóò gbà, 25R yóò sì gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

9900 ńkọ́? Irọ́ funfun báláú ni. Kò sí 18650 kankan tó gba ìdajì iye yẹn. Ẹni tí yóò dá ẹ̀wù fún ni, ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bátìrì tó parọ́ mAh, ta ni yóò gba A rẹ̀ gbọ́? Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà: ojúlówó ń lọ sí nǹkan bí gíráàmù 45, bí ó bá fúyẹ́ jìnnà sí i, ẹ dá a padà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ní ìlú St. Petersburg ní Florida, ní Amẹ́ríkà, sìgá oníbátìrì bú gbàmù, ó sì pa ọkùnrin kan nínú yàrá rẹ̀. Samsung àti LG fúnra wọn ti kìlọ̀ pé àwọn kò ṣe bátìrì lásán yìí fún ẹnikẹ́ni láti máa fi sínú sìgá. Nítorí náà, èyí tí wọ́n dì mọ́ inú ẹ̀rọ, tó ní ohun tí ń dá ìṣàn iná dúró, ni ewu rẹ̀ kéré jù. Kí a lo ṣájà tirẹ̀, kí a má sì tú u.

Ẹni tó bá sì ti ní ti ọwọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́, nítorí irin lè so orí mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó sì gbiná. Inú àpótí ike kékeré ni ààyè rẹ̀. Bí aṣọ ara rẹ̀ bá ya, tàbí tí ó tẹ̀ wọnú, kí ó pa á tì. Kí ó má sì ṣáájì rẹ̀ mọ́jú nígbà tí gbogbo ilé ń sùn.

Oníṣòwò mi, ìdáhùn mi rèé. Má ra 9900 rárá. Ra 2500 lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀, tí o lè padà bá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Oníbàárà tí kò bá sì mọ iye A tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbà, má tà fún un. Èrè orí bátìrì kan kò tó fi wo ojú tó jóná.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.