Nígbà tí Fáìlì Owó Oṣù Bá Há Sójú Ọ̀nà

Bí owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì bá pẹ́ kí ó tó dé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé àpò ìjọba ti gbẹ. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, owó wà nílẹ̀. Fáìlì tí orúkọ àwọn tí yóò gbà á wà nínú rẹ̀ ni kò dé ibi tí a fi í ránṣẹ́ sí.

Kọ̀ǹpútà Windows ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò, nígbà tí ọ̀pọ̀ sáfà ńláńlá jẹ́ ti ẹbí UNIX. SFTP wà lára àwọn ètò tí ń gbé fáìlì láàrin wọn lóru láìsí ènìyàn níbẹ̀, lọ́nà tí ojú àjèjì kò fi ní í tó o.

Ibo wá ni ìdíwọ́ ti ń wá? Ètò tí òṣìṣẹ́ dán wò lọ́sàn-án tí ó yege lè kùnà lóru, nítorí pé orúkọ mìíràn ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ náà. Orúkọ ọ̀hún kò tíì mọ sáfà tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá kí òun gbà á gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn lè ka fáìlì kọ́kọ́rọ́ ìwọlé, SSH lè kọ̀ láti lò ó. Lójú UNIX, «Owo» àti «owo» kì í ṣe orúkọ kan náà. Àmì tí Windows fi ń parí ìlà pàápàá yàtọ̀ sí ti UNIX, ìyẹn sì lè mú kí fáìlì tí ó gúnlẹ̀ láyọ̀ má ṣeé kà.

Àtúnṣe ìkánjú léwu ju ìdíwọ́ náà lọ. Àwọn kan a pa àyẹ̀wò tí ń fi sáfà tòótọ́ hàn yàtọ̀ sí ti ayédèrú. Àwọn mìíràn a fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn gba ihò kan wọ inú MOVEit, ètò tí a ṣe fún gbígbé fáìlì láìléwu, wọ́n sì jí ìwífún àwọn òṣìṣẹ́ BBC àti British Airways kó nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń bá wọn ṣètò owó oṣù. Bí irú èyí bá lè bá ètò tí a dá ààbò bò, kí ni ká sọ nípa èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀?

Òfin ààbò ìwífún ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 2023, sọ pé bí ìwífún bá jò lọ́nà tí ó lè ṣe àwọn ènìyàn ní ìjàǹbá, a gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn létí láàrin wákàtí 72 tí a bá ti mọ̀.

Nítorí náà, a rọ àwọn alábòójútó láti ka àkọsílẹ̀ tí ètò náà fi sílẹ̀ kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà, kí wọ́n sì fi orúkọ tí ń ṣiṣẹ́ lóru gan-an dán an wò. A rọ ẹ̀yin ará ìlú náà pé bí owó bá pẹ́, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín pé òun fẹ́ tún un ṣe ní nọ́ńbà àṣírí yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.