Irinṣẹ́ Kékeré fún Ilé àti Kẹ̀kẹ́

Láìpẹ́ yìí, bí ọmọ mi ti fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo rí i pé nọ́ọ̀tì bíréèkì rẹ̀ ti dẹ̀. Sípánà oníṣẹ́-eyín olówó pọ́ọ́kú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ráṣẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ń fún un. Eyín inú rẹ̀ yọ̀, ọwọ́ mi sì gbá irin títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Èyí tí èèkù rẹ̀ rí bíi lẹ́tà T ni ó rọrùn jù fún kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí a ti í fi ìka kan ìkòkò kí a tó rà á, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dán òun náà wò. Kí orí rẹ̀ jẹ́ irin, kì í ṣe ike. Ẹ wá àmì Cr-V lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó: ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ yí èèkù síwá sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ fò. Oníeyín 72 wúlò ní kọ̀rọ̀ tóóró, nítorí pé oníeyín 24 ń fẹ́ àyè ìlọ́po mẹ́ta kí ó tó mú. Ẹ yan èyí tí a lè tú, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì fi epo díẹ̀ sí i.

Ẹ má ṣe fi tú nọ́ọ̀tì tí ó ti dípẹtà. Sípánà gígùn ni ó ni iṣẹ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.