A Kì Í Ṣe Alájọ Ṣómólú

Bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé nílẹ̀ wa, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Bí ìtàn ṣe sọ ọ́, ọkùnrin yẹn gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ ọlọ́jà láì kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, nígbà tí ọjọ́ kíkó àjọ sì pé, kò ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, àmọ́ mo ti wá gbà pé ó ń kóni sí wàhálà. Gbogbo wa la rò pé orí wa pé bíi tirẹ̀. A ò kọ owó tó wọlé, a ò kọ èyí tó jáde, a ò tọ́jú rìsíìtì. Bí wọ́n bá bi wá, a ó ní, "Ó wà lórí mi." Irọ́ ni. Kò sí lórí wa. Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà san owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àwọn agbowó tó wá lẹ́ẹ̀kejì ní kó mú rìsíìtì wá, kò rí i. Màámi mọ̀ pé òun ti san. Ó mọ ọjọ́ tó san án, kódà ó rántí àwọ̀ aṣọ tí agbowó àkọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n ní àwọn ò béèrè aṣọ. Ó san òmíràn kí wọ́n má baà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀, a tú àpótí rẹ̀, a sì rí ìwé náà láàárín àwọn ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti wà nílé láti ọjọ́ yìí wá. Màámi wò ó, ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn, ọmọ mi. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ọmọ tó gboyè nínú èdè Yorùbá ló bí o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ewì palẹ̀, mo kọ́ nípa àjọ, èsúsú àti àáró gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n n kò fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ Yorùbá sára rìsíìtì ìyá mi rí.

Ẹ má rò pé mo sàn jù ú lọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. Lálẹ́, mo máa ń túmọ̀ èdè, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé-ìwé náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ alẹ́ yìí, mo mọ̀. Owó ń wọlé, owó ń jáde, n kò sì mọ ibi tó gbà. Bí wọ́n bá yọ owó-orí nínú owó oṣù mi, mo kàn máa ń wo iye tó kù ni. Ìwé owó oṣù tí wọ́n ń fún wa, n kì í ṣí i wò.

Òfin tuntun ló jí mi. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àwọn òfin owó-orí tó wà lóde báyìí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni èyí tó kan owó oṣù wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pariwo ni iye tí a ó san. Ohun tó yẹ ká pariwo jù, lójú tèmi, ni ìwé tí a gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìdínkù kan wà tí wọ́n máa ń ṣírò fún gbogbo òṣìṣẹ́ láì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: ó kéré tán ₦200,000, pẹ̀lú 20% owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Bóo tọ́jú ìwé, bóo ò tọ́jú, wàá rí i gbà. Òfin tuntun ti mú ìyẹn kúrò. Ó fi ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún sílẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń gba 15% lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 18% lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25%. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ kì í san rárá. Ní ti ìdínkù, ayálégbé ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye owó ilé tó san lọ́dún, wọn yóò sì yọ 20% rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ bu owó-orí lé, ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò yọ kò ní ju ₦500,000 lọ. Bí o kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́ láìsí ẹ̀rí lọ́wọ́, o ti mọ̀ bí tìyá mi ṣe rí.

Mo jókòó, mo ṣírò tèmi. ₦120,000 ni owó oṣù mi, ìyẹn ₦1,440,000 lọ́dún. Iṣẹ́ alẹ́ ń mú nǹkan bíi ₦480,000 wọlé lọ́dún. Bí n kò bá ní ìwé kankan, owó-orí mi lórí méjèèjì pọ̀ jẹ́ ₦168,000. Owó ilé mi jẹ́ ₦300,000, nítorí náà ₦60,000 ló yẹ kí wọ́n yọ fún mi níbẹ̀. Òfin sì gbà kí n yọ ohun tí mo ná ní tààrà fún iṣẹ́ alẹ́ náà: dátà, epo jẹnẹrétọ̀ ní òru tí mo fi ṣiṣẹ́, àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀nba tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan nínú wọn tó ₦140,000. Bí mo bá ní ìwé gbogbo rẹ̀, owó-orí mi á wálẹ̀ sí ₦138,000. ₦30,000 ni àìtọ́jú ìwé fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, lọ́dún kan. Owó ọkọ̀ mi fún oṣù kan àti ààbọ̀ nìyẹn.

Ibi tó ti le jù ni ọ̀dọ̀ bàbá onílé. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í fúnni ní rìsíìtì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń ka owó sí i lọ́wọ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìwé fún mi, ó ní, "Ṣé a ò fọkàn tán ara wa mọ́ ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo fọkàn tán yín. Àwọn elówó-orí ló fẹ́ rí i." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Àbí o fẹ́ kó mi lé wọn lọ́wọ́?" N kò lè parọ́ fún un, torí owó tí onílé ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé náà wà lára ohun tí òfin ní kó san owó-orí lé. Mo sọ fún un pé ìwé kan náà tó ń ṣẹ̀rí owó tó wọlé fún un ló lè fi ṣẹ̀rí òrùlé tó tún ṣe àti kànga tó gbẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó bá mi fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, báńkì ni mo ń gbà san án, mo sì ń kọ "owó ilé" àti ọdún rẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé-ìwé lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn yín. Ó ti kàn yín. Owó tí òbí fi ránṣẹ́ kí ẹ fi jẹun kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ kì í san owó-orí lé e. Owó tí ẹ gbà nítorí pé ẹ ṣe fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ di irun, tàbí ẹ túmọ̀ èdè fún ẹnìkan, owó iṣẹ́ nìyẹn. Inú àkáǹtì kan náà ni méjèèjì ń wọ̀. Bí ẹ kò bá kọ èyí tó jẹ́ ti bàbá yín sọ́tọ̀, lọ́jọ́ wo lẹ fẹ́ rántí? Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní láti fi ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tó ń gbé kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá. Ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó-orí, tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló máa ń wò. Ẹni tó bá jáde lónìí láì kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọdún mẹ́ta náà ti ń ká a mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ nínú ara rẹ̀: "Ìjọba tí kò ṣe ọ̀nà, tí kò fún wa níná, kí ló fẹ́ fi owó wa ṣe?" N kò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, kọ̀ láti san owó-orí obìnrin ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1947. Kí ọdún 1949 tó jìnnà, Aláké Adémọ́lá Kejì ti kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde ní agbègbè Ìbàdàn nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, owó-orí sì wà lára ohun tó bí wọn nínú. Baba ńlá wa mọ owó-orí sí ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ sá wọ igbó. Ẹ̀rù náà ṣì ń bẹ lára wa, òun ló ń jẹ́ ká máa fi gbogbo ìwé owó pamọ́ fún ara wa pàápàá.

Ṣùgbọ́n ọmọ owó oṣù kò ríbi sá sí. Wọ́n ti yọ tirẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n yọ, báwo ni yóò ṣe dúró níwájú ìjọba béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe? Bí mo bá mọ̀ pé ₦138,000 ni mo san lọ́dún yìí, mo lè béèrè ọ̀nà ládùúgbò mi pẹ̀lú iye owó lẹ́nu. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ariwo lásán ni mò ń pa.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi ń sọ fún yín. Ìwé kékeré kan ni mo rà. Mo fa ìlà mẹ́ta sí i: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, àti ohun tí mo ná fún iṣẹ́. Alaalẹ́ ni mo ń kọ ọ́ kí n tó sùn. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo rí i pé oúnjẹ tí mo ń bínú sí kọ́ ló ń jẹ owó mi. Ọ̀kadà tí mo ń gùn nítorí pé mo pẹ́ jí ni, àti ₦50 tí ìjọba ń gbà nígbàkígbà tí mo bá fi owó tó tó ₦10,000 ránṣẹ́, tí mo sì máa ń fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ fún àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní wákàtí méjì péré kí wọ́n tó jáde. Kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ka ìwé owó oṣù, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a mọ Yorùbá kọ àlàyé owó-orí ní Yorùbá tí ọlọ́jà lè kà, kí a fi í há ara ògiri ọjà. Bí àwa kò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?

Ní ti màámi, láílọ́ọ̀nù mẹ́rin ni mo so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ṢỌ́Ọ̀BÙ sára ọ̀kan, ILÉ sára èkejì, INÁ sára ẹ̀kẹta, ẸGBẸ́ sára ẹ̀kẹrin. Nínú oṣù tó kọjá, àwọn agbowó tún dé, wọ́n ní kò tíì san. Màámi ò bá wọn jiyàn. Ó rán ọmọ nílé pé kó lọ mú èyí tí wọ́n kọ ṢỌ́Ọ̀BÙ sí wá. Wọ́n wò ó, wọ́n kí i pé ó kú ọjà, wọ́n sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.