Ta Ni Yóò San Owó Ṣáàfù?

Ẹ̀yin ará wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo wà lára àwọn tó ń pariwo "Ẹ fún un níná!" lọ́jọ́ tí ṣáàfù ọkọ̀ já mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́nà oko.

Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ò dáwọ́ dúró. Àwa mẹ́rin lọ gba oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀sìẹ́. Ẹni tó mọ Ẹ̀sìẹ́ nítorí mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lè rò pé ọ̀dà ni wọ́n dà yí gbogbo agbègbè náà ká. Ẹ kúrò nídìí àwọn ère òkúta yẹn, kí ẹ wọ ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ pupa lẹ máa bá.

Nígbà tí à ń padà, ìyá kan bẹ̀ wá pé ká bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ ata méjì dé Òmù-Àrán, a sì gbà. A ò tíì rìn jìnnà tí táyà iwájú fi rì sínú kòtò. Awakọ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká wá ọkọ́ àti ẹ̀ka igi, ká gbẹ́ ẹrẹ̀ yìí kúrò níwájú táyà." A ní ilẹ̀ ti ń ṣú. A bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, a sì ń pariwo. Ó yíwọ́ dé òpin, ó fún un níná, táyà ń yí lásán. Lójijì ló gba òkúta mú. A gbọ́ "gbàgà!"

Ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, jíà wọlé, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Ó yà mí lẹ́nu, torí ṣáàfù méjì ló wà níwájú, ọ̀kan péré ló sì já. Mẹkáníìkì tó dé lọ́jọ́ kejì ló là mí lóye. Irú ọkọ̀ yẹn, táyà iwájú ló ń fà á, ibi tó bá sì rọrùn ni agbára ẹ́ńjìnì ń gbà lọ. Bí apá kan bá ti já, ibẹ̀ ni yóò máa yí lásán, èkejì á dúró. Ká ní jíìpù tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ ni, à bá fi ti ẹ̀yìn rọra wálé. Ó fi oríkèé ṣáàfù tó fọ́ hàn mí. Rọ́bà tó bò ó ti ya tipẹ́, gíríìsì ti jáde, iyanrìn ti wọlé. Awakọ̀ gbà pé ó ti ń ró kà-kà-kà bí òun bá yíwọ́; owó àtúnṣe ni òun ń wá.

Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀bi awakọ̀ ni. N ò gbà. Ta ló ná an títí ó fi yọ 2,000 náírà nínú iye tó pè? Ta ló ní kò sáyè láti gbẹ́ ẹrẹ̀? Awakọ̀ ló san owó ṣáàfù. Abúlé la sùn, ata sì ti ń rà kí ọlọ́kadà tó rí i gbé. Àwa gba máàkì tó dáa.

Àwọn tó ń fi eré ṣíṣe wọ ẹrẹ̀ ní Amẹ́ríkà pàápàá máa ń gbé ṣáàfù mìíràn dání. Àwa tí iṣẹ́ gbé lọ, ọkọ́ lásán a ò ní. Nínú ìwé ìnáwó iṣẹ́ ìwádìí wa, oúnjẹ wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi owó àtúnṣe ọkọ̀ kún un, kí ọkọ́ kan àti pákó méjì wà ní búùtù. Kí ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà ṣáàfù ká tó gbéra. Bí gíríìsì bá ti ta sí inú táyà, ẹ má wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà, ẹ wo ṣéènì.

Lóṣù tó kọjá, àwa mẹ́rin dá owó jọ fún awakọ̀ náà. Ó gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá aláta ni a ò tíì rí.