Òṣùwọ̀n Ló Ṣáájú Irin



Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, bí wọ́n ṣe ń wó Aylesbury Estate díẹ̀díẹ̀ ní Walworth, tí kò jìnnà sí Peckham wa, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu àwọn kan nínú jámọ́ọ̀: “Ilé tí wọ́n ti pa tì ni, irin inú rẹ̀ kò ní olówó.” Irọ́ ni. Ilé tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1977 kò di ti gbogbo ayé nítorí pé wọ́n ń wó o. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ, tó yọ páìpù, olè ló jà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Iṣẹ́ irin àlòkù kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn. Ẹni tó mọ Owódé Onírin ní Èkó mọ̀ pé irin ti tọ́ ọmọ yanjú. Ó sì gba ọgbọ́n: irin dídà, tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní káàsì, kì í tẹ̀, bí òòlù ńlá bá bà á, fífọ́ ló ń fọ́ bí àwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́, tó lè wọn ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, di wẹ́wẹ́, tí wọ́n á ṣà á kúrò lára irin yòókù kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n. Òógùn ojú ẹni ni; hàlálì ni.

Ẹni tí a ń bá wí ni ọ̀gá tó ní ọkọ̀ akẹ́rù àti ìwé àṣẹ. Òfin irin àlòkù ti ọdún 2013 kà á léèwọ̀ ní England àti Wales láti fi owó ọwọ́ ra irin. Sọwédowó tàbí báńkì ni, ẹni tó ń tà á sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ hàn. Ọmọ wa tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè débẹ̀. Ọ̀gá á ní, “Gbé e wá, àbúrò.” Ojú ni yóò fi wọ̀n ọ́n, yóò sì ká owó táṣẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ lóru. Bí ọlọ́pàá bá dé, ta ni wọn yóò mú? Bí ó bá sì jẹ́ ìdérí ihò ojú pópó ni ọmọ náà gbé, ọmọ ta ni yóò jìn sínú ihò náà?

Súrà kan wà nínú Àlùkùránì, Hadíìdì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin. Nínú áyà 25 rẹ̀, Ọlọ́hun dárúkọ òṣùwọ̀n kí Ó tó dárúkọ irin. Àwọn ará Mádíyánì, ìjọ Ànábì Ṣuaíbù, òṣùwọ̀n èké wà lára ohun tó kó ìparun bá wọn. Ṣé a kò mọ ìtàn wọn ni?

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí a ń kówó kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí jọ, iwájú ni a gbé àga irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ sí. A ṣe àdúà fún un títí, a kò bi í léèrè ohunkóhun. Àlífáà tí yóò bá tún gba sàráà rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í: irin ta ni, èló lo sì fún ẹni tó gbé e wá? Bí kò bá rí èsì fọ̀, kó kó owó náà padà, kó lọ san ẹ̀tọ́ fún ẹni tó rẹ́ jẹ. A ó máa kírun lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó yìí ná.